Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ṣé Kenneth Omeruo Kò Dé Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ó Dé Ni?

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù tó kọjá, mo fi ẹnu kan Kenneth Omeruo gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọjá lọ, mo sì pè é ní agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí ìrètí wa lórí rẹ̀ ga ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé lọ. Gbólóhùn náà kò ju ìlà méjì lọ, èmi fúnra mi sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ìwé ìròyìn tó jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé kò gbàgbé. Láti Ilé-Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́ àti Iléṣà ni lẹ́tà ti ń wọlé. Àwọn kan gbè mí lẹ́yìn, àwọn kan sì ń bi mí pé kí ni mo gbá rí tí mo fi ń díwọ̀n ọmọ ọlọ́mọ. Márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí.

Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí

*Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù ní ilé ìwòran kan ní Lágèéré, ti ń jiyàn lórí ohun tí ẹ kọ nípa Omeruo, iyàn náà sì ti di ohun tí àwọn tó kù níbẹ̀ fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, tí ó jẹ́ olólùfẹ́ Chelsea paraku, sọ pé ọmọ náà kò ní ohun tí wọ́n ń wá lára rẹ̀ ni, pé bí ó bá ní in ni, wọn ì bá ti fi í gbá bọ́ọ̀lù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi sọ pé Chelsea gan-an ni ó ba ọmọ náà jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí, nítorí a ti fẹnu kò pé ẹni tí ó bá jẹ̀bi ni yóò máa san owó ìwòran àwa méjèèjì títí ọdún yóò fi parí.*
*Olólùfẹ́ Arsenal, Lágèéré, Ilé-Ifẹ̀*

Kí n tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀sùn náà jáde bí ó ti rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012 ni Chelsea ra Omeruo láti ọwọ́ Standard Liège ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n yá a fún ADO Den Haag ní Nẹ́dálándì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yá a fún Middlesbrough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yá a fún Kasımpaşa ní Tọ́kì, wọ́n yá a fún Alanyaspor ní Tọ́kì kan náà, wọ́n tún dá a padà sí Kasımpaşa, kí wọ́n tó wá yá a fún Leganés ní Sípéènì, èyí tí ó rà á pátápátá ní ọdún 2019. Ó lé ní ọdún 7, ẹgbẹ́ 5, orílẹ̀-èdè 4, kò sì fi aṣọ Chelsea gbá ìdíje gidi kankan. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ó bá Super Eagles gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2013, ó gbá ife àgbáyé ní Brazil ní 2014, ó sì tún gbá a ní Rọ́ṣíà ní 2018.

Ẹ má fi ojú òfo wo ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín o, nítorí ó ní ìdí. Ní àsìkò tí Omeruo wọ Chelsea, John Terry ni balógun ẹgbẹ́ náà, David Luiz wà níbẹ̀, Branislav Ivanović wà níbẹ̀, oṣù Kìíní yẹn gan-an ni wọ́n sì ra Gary Cahill láti Bolton. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹ́ yìí ti na Bayern Munich ní ilé Bayern fúnra rẹ̀, ó sì ti gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù. Èwo nínú àwọn wọ̀nyẹn ni ẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún 18 sọ fún pé kí ó dìde kí òun jókòó? Nítorí náà, kò sí ẹ̀bi kankan nínú pé wọn kò fi í gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún àkọ́kọ́, tàbí ní ọdún kejì pàápàá. Ibi tí àlàyé ọ̀rẹ́ yín ti ń rẹ̀yìn ni ọdún kẹta sókè, nítorí pé nígbà náà, kì í ṣe pé wọ́n dán an wò tí ó kùnà; wọn kò dán an wò rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tú u sílẹ̀.

Ohun tí mo rò pé a máa ń gbàgbé nígbàkúùgbà tí a bá ń jiyàn lórí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni pé ọ̀nà tí òun ń gbà mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ti atamátàsé. Ẹ wo àwọn onílù dùndún ní òde ìnáwó. Oníyàá ìlù ni gbogbo ènìyàn ń náwó fún, òun ni ó ń fi ìlù ki oríkì, òun ni gbogbo ojú ń wò. Bí ẹgbẹ́ onílù mìíràn bá yá a lọ fún ọjọ́ kan, yóò ṣì rí owó gbà, nítorí pé ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni tí ń lu gúdúgúdú, kí ẹ yá a fún ẹgbẹ́ kan lónìí, kí ẹ yá a fún òmíràn lọ́la. Bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, yóò pẹ́ kí ó tó mọ ibi tí ìyá ìlù ti máa ń yà bàrá, àti ibi tí ó ti máa ń dákẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì ti ń mọ̀ ọ́n bọ̀ tí ẹ tún gbé e lọ sí òde ẹlòmíràn, ẹ óò máa sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò jọ ọwọ́ tí a ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ àwọn méjì tí wọ́n ń dúró ní ààrín ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá sún síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì kí atamátàsé lè bọ́ sínú ọ́fúsáìdì, níbi tí góòlù rẹ̀ kò ti ní kà, tí ìkejì kò sì sún, góòlù ni. Bí bọ́ọ̀lù gíga bá ń bọ̀ tí àwọn méjèèjì fò ó, tàbí tí àwọn méjèèjì fi sílẹ̀ fún ara wọn, góòlù ni. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìwé kọ́ ènìyàn ní èyí. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni wàá mọ̀, wàá mọ ẹsẹ̀ tí ó fi ń gbá, wàá mọ bí ó ti máa ń yára tó nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, wàá sì mọ ohùn aṣọ́lé tí ń ké láti ẹ̀yìn yín. Ní ti ohùn yẹn, ẹ rántí pé ẹnu ni ìdajì iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn: "jáde", "fi sílẹ̀", "ọkùnrin wà lẹ́yìn rẹ". Ọmọ Nàìjíríà tí ó ń sọ èyí láàrin àwọn Dọ́ọ̀ṣì ní ọdún yìí, tí ó bá ara rẹ̀ láàrin àwọn ará Tọ́kì ní ọdún tó ń bọ̀, tí ó tún wá di ti Sípéènì lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti kọ́ iṣẹ́ kan náà láti orí Á-Bí-Dí.

Ìdí tí mo fi gbà pé ohun náà wà lára rẹ̀ ni ohun tí a fi ojú wa rí ní Gúúsù Áfíríkà ní 2013. Stephen Keshi, olùkọ́ Super Eagles nígbà náà, gbé Joseph Yobo, balógun rẹ̀, sórí ìjókòó, ó sì kó ààrín ẹ̀yìn lé Omeruo, ọmọ ọdún 19, lọ́wọ́ pẹ̀lú Godfrey Oboabona, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ní Àkúrẹ́ wa níbí nígbà náà. Àwọn ọmọdé méjì wọ̀nyí kojú Didier Drogba àti àwọn ará Côte d'Ivoire, a sì borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Nínú ìdíje 6 tí Nàìjíríà gbá níbẹ̀, góòlù 4 péré ni ó wọ ilé wa. Ní Sábó ni mo ti wo àṣekágbá náà. Iná lọ nígbà tí ìdíje ku díẹ̀ kí ó parí, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dáhùn, gbogbo wa sì dúró sí ìta tí a ń fi rédíò fóònù ẹnì kan gbọ́ ìyókù. Títí di òní, bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tí ó wà níbẹ̀ pé kí ni ó ṣẹlẹ̀, Sunday Mba ni yóò dárúkọ, nítorí òun ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso. Góòlù tí Burkina Faso kò rí gbá wọlé ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó ń ka ìyẹn mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìdájọ́ mi rè é. Ẹ̀yin ni mo dá láre, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí ẹ sọ. Chelsea kò ba ọmọ náà jẹ́. Wọ́n san owó rẹ̀, wọn kò sì fi ebi pa á. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbì kan tó ẹni tí yóò ní alábàáṣe, ní àwọn ọdún tí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn nílò alábàáṣe jù lọ. Kí òun náà máà mọ́wọ́ mọ́ra pátápátá, nítorí pé ó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ó ti yẹ kí ó béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Kí ọ̀rẹ́ yín máa san owó ìwòran, kí ẹ̀yin sì máa ra ẹ̀pà.

Àwọn mìíràn náà lọ, wọ́n sì padà

*Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí pé yíyá tí Chelsea ń yá àwọn ọmọ kiri ni ó fà á tí wọn kì í fi dàgbà. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé Andreas Christensen àti Victor Moses fún mi. Wọ́n yá àwọn méjèèjì jáde, àwọn méjèèjì padà wá, wọ́n sì gba ife. Ṣé kì í ṣe àwáwí ni à ń bá Omeruo wá báyìí?*
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé orí Christensen gan-an ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi lé. Ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì yìí dé Chelsea láti Brøndby ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, ìyẹn ni pé òun àti Omeruo fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún 15 ni tirẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ. Nígbà tí àkókò tó láti yá a jáde, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yá a fún, Borussia Mönchengladbach ní Jámánì, odindi ọdún 2 ni ó sì lò níbẹ̀, láti 2015 sí 2017. Nígbà tí ó padà dé, ó ti di géńdé. Ní 2021, nígbà tí Thiago Silva fara ṣèṣe nínú àṣekágbá ife àwọn akọni pẹ̀lú Manchester City, Christensen ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, góòlù kan kò sì wọlé Chelsea lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé ọdún 2 sí ibì kan ṣoṣo yìí lé orí ìwọ̀n pẹ̀lú ti Omeruo, kí ẹ wá sọ fún mi pé irú yíyá kan náà ni wọ́n yá wọn.

Ohun mìíràn tún wà tí kò kan ẹsẹ̀ rárá. Ọmọ Yúróòpù ni Christensen, kò sì nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ní ti ọmọ Nàìjíríà, òfin ìgbà yẹn béèrè pé kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà láàrin àwọn 70 àkọ́kọ́ lórí àtẹ FIFA, àjọ tí ń darí bọ́ọ̀lù àgbáyé, kí òun fúnra rẹ̀ sì ti gbá ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìdíje gidi tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbá láàrin ọdún 2. Níbo ni ọmọ ọdún 18 tí kò tíì fìdí múlẹ̀ nínú Super Eagles yóò ti rí ìyẹn? Bí ẹ bá ń wá ibi tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pínyà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wá wo ẹ̀bùn.

Moses kò gba àlàyé gígùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti dàgbà, Crystal Palace àti Wigan ni ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù kí Chelsea tó rà á. Liverpool, Stoke àti West Ham tí wọ́n yá a fún, inú líìgì kan náà ni gbogbo wọn wà, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ iwájú ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí Antonio Conte, olùkọ́ Chelsea nígbà náà, sì wá sọ ọ́ di ẹni tí ń sáré lọ sáré bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá ní 2016, tí wọ́n fi gba líìgì, ènìyàn 3 ni Conte tò sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí n má baà dà bí ẹni tí ń fi apá kan pa mọ́, ẹnì kan wà tí ó fẹ́ bá mi wí nínú ọ̀rọ̀ yìí, Yobo sì ni. Marseille yá a fún Tenerife, wọ́n tún yá a fún Everton ní 2002, síbẹ̀ ó gòkè ju Omeruo lọ. Ìyàtọ̀ tí mo rí níbẹ̀ ni pé Everton kò jẹ́ kí ó kúrò mọ́. Wọ́n rà á, ó sì lo ọdún gbọọrọ níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdíje tí ó gbá fún wọn nínú líìgì lé ní 200.

Owó ni wọ́n ń lé

*Olóòtú, mo kí yín. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ohun tí ń ṣe àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fara sin: owó ni wọ́n ń lé. Ní ìgbà tiwa, Christian Chukwu dúró sí Rangers ti Enugu, ó gba ife fún wọn, ó gba ife fún Nàìjíríà, kò sì bá ẹnikẹ́ni lọ sí ibikíbi. Omeruo ì bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé Chelsea kí ó sì dúró síbi tí wọ́n ti ń lò ó. Ẹni tí ó bá yan àpò ara rẹ̀, kí ó má bínú bí a bá sọ pé kò dé ibi tí ó yẹ.*
*Bàbá olùkọ́, Iléṣà*

Ẹ kú àárọ̀ ọjọ́ o, Bàbá. Orúkọ tí ẹ dá yẹn kì í ṣe kékeré. Chukwu ni balógun Rangers nígbà tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ti àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní 1977, òun náà sì ni balógun Green Eagles, bí a ti ń pe Super Eagles nígbà náà, tí ó na Algeria ní 3 sí 0 ní Èkó ní 1980. Inú mi dùn pé ẹ rántí rẹ̀, nítorí pé bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ 1980 lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tí ó gbá góòlù 2 àti Múdà Lawal tí ó gbá ẹyọ kan ni wọ́n máa ń dárúkọ, wọn á sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yapa kúrò lọ́dọ̀ yín díẹ̀. Dídúró tí Chukwu dúró wúlò fún un, èyí kò ní àríyànjiyàn nínú; ohun tí mo ń wí láti òkè nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe pé ọjà wà tí ó kọ̀ láti ná a. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ilẹ̀kùn Yúróòpù kò tíì ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa bí ó ti ṣí lónìí, mi ò sì rò pé ó tọ́ kí a fi ohun tí ènìyàn kò rí yàn yìn ín kí a sì fi bú ẹlòmíràn. Bí a bá fẹ́ rí ẹni tí ó rí owó tí ó sì tún dúró, Uche Okechukwu, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Super Eagles nígbà kan rí, wà níbẹ̀. Brøndby ni ó wà ní Dẹ́ńmáàkì kí ó tó lọ sí Fenerbahçe ní 1993, ó sì dúró síbẹ̀ títí di 2002. Ọdún 9 ní Istanbul! Tọ́kì yìí kan náà ni wọ́n yá Omeruo lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì gbà á padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Owó kò bá dídúró ṣe ọ̀tá.

Ohun tí ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé FIFA fúnra rẹ̀ ti rí i pé àṣejù wọ ọ̀rọ̀ yíyá yìí. Láti oṣù Keje 2022 ni wọ́n ti fi òfin dè é: ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ yá ju ènìyàn 8 lọ jáde sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní sáà kan, wọ́n dín in kù sí 7, ó sì ti di 6 láti 2024. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ihò wà lára rẹ̀, nítorí pé kò kan àwọn tí wọn kò ju ọmọ ọdún 21 lọ, kò sì kan àwọn tí ẹgbẹ́ náà tọ́ dàgbà fúnra rẹ̀. Bí òfin yìí bá ti wà ní 2012, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti yá Omeruo káàkiri ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn ọdún náà gan-an ni mo sì ń kẹ́dùn lé lórí.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan

*Láìfọ̀rọ̀ gùn, olóòtú: bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo, Omeruo ni tàbí Taribo West?*
*Awakọ̀, Mayfair, Ilé-Ifẹ̀*

Taribo ni, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Super Eagles àtijọ́. Ó gba líìgì Faransé pẹ̀lú Auxerre ní 1996, ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní ọdún kan náà, ó sì bá Inter gba ife UEFA ní 1998. Òun náà ti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ wọ oríṣiríṣi ẹgbẹ́ nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n Auxerre ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ ní iṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Kí n sì fi kún un pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí gbogbo ilé ìwòran pariwo orúkọ Omeruo ni ọjọ́ tí ó fi orí gbá góòlù wọlé Guinea ní ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 2019. Lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́gun tí ó ti bá wa dúró tì, góòlù ni ó tó mú kí a dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ọkọ mi ni ó ka ìwé yín sí mi létí. Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 16, ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní àdúgbò wa, ẹ̀yìn ni ó sì máa ń dúró sí. Ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù wá bá wa. Ó ní òun yóò mú un lọ sí òkè òkun kí ọdún yìí tó parí, pé ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ di ẹni tí ń gbá góòlù wọlé, nítorí pé àwọn ará ẹ̀yìn kì í tà. Ó sì ń béèrè owó ìwé ìrìnnà. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fẹ́ dí ọmọ mi lọ́nà. Kí ni kí a ṣe?*
*Ìyá ọmọ, Modákẹ́kẹ́*

Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ohun mìíràn tó tẹ̀lé e.

Òfin FIFA kò gba kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 ṣí láti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, irú bí ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá kó lọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ tiwọn tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá ń ṣèlérí fún ọmọ ọdún 16 láti Modákẹ́kẹ́ pé kí ọdún yìí tó parí òun yóò ti mú un dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ní òkè òkun, yálà kò mọ òfin, tàbí ó mọ̀ ọ́n tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n. Láti 2023 ni FIFA sì ti ń ṣe ìdánwò fún àwọn aṣojú kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé àṣẹ, orúkọ àwọn tí ó yege sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Kí bàbá ọmọ béèrè ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kí ó sì wo bí ojú rẹ̀ yóò ti rí.

Ní ti pé àwọn ará ẹ̀yìn kì í tà, irọ́ ni. Wọ́n ń tà. Omeruo tí à ń fà bí aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ yìí, Chelsea ni ó rà á nígbà tí ó fi ọdún méjì péré ju ọmọ yín lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ náà kúrò níbi tí ó ti mọ ọ̀nà nítorí ọjà. Kí ó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, kí ó ṣe ìdánwò àṣejáde, kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré yẹn. Kí ẹ bá olùkọ́ ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ kí ó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́nà òfin, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ìyẹn yóò ṣe láǹfààní: nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn kí ìwé àdéhùn rẹ̀ tó tán, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni a máa ń pín fún àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí di 23. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní àkọsílẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní agbègbè wa ni kò sì mọ̀.

Ẹ ní ẹ kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ lè fi wò ó bí ọmọ yín bá ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ó kàn ń sáré. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè nípa ọmọ tí wọ́n jọ máa ń dúró ní ààrín ẹ̀yìn: ẹsẹ̀ wo ni ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣé ó máa ń fò bọ́ọ̀lù gíga àbí ó máa ń fi sílẹ̀ fún ẹnìkejì, kí ni ó máa ń ṣe nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá dáhùn láìdúró ronú, láìgbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tí ó wà.